Orí Ṣọ́jà Tí Mo Yọ Lójú Fèrèsé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2009, mo jalè nínú yàrá ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo fi ọjọ́ náà ṣáájú orúkọ mi, kí ẹni tó bá ń ka ìwé ìhágún yìí má baà kọ́kọ́ rò pé ènìyàn rere ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Alátòpọ̀, nítorí àwọn ṣọ́jà oníke kéékèèké tí mo máa ń tò pọ̀, tí mo gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, ń kéde pé orí mi pé, iyè mi sì jí. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn dókítà yóò la àyà mi. Ìyàwó mi àti Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ mi, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ìyàwó mi ni mo fi ilé wa sílẹ̀ fún, pẹ̀lú bálíkónì tí mo sọ di ilé iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń pe tábìlì ibẹ̀ ní orogún òun. Mo bẹ̀ ẹ́, kó má fi orogún rẹ̀ dáná.

2. Kí Wẹ́dà gba gbogbo irinṣẹ́ mi: bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà, àti dírílì kékeré tí ojú Wẹ́dà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Òun ló máa ń wo àwọn ṣọ́jà oníke mi, tí yóò ní, "Apá ará ibí, ẹsẹ̀ ará ọ̀hún, ogun wo ni àwọn wọ̀nyí fẹ́ jà?" Mo bá a yan odì fún oṣù méjì nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fáìlì róbótó kékeré tí mo fi ń fá ike nù. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jogún rẹ̀.

3. Ṣọ́jà mọ́kànlélógójì ló wà lórí pẹpẹ. Ẹgbẹ́ àwa alátòpọ̀ ni mo há ogójì fún; kí wọ́n má tú wọn ká. Kò sí èyí tó ti inú páálí kan ṣoṣo jáde nínú wọn: ara láti ibì kan, ọwọ́ láti ibòmíràn, bàtà láti ara èyí tó ti kán. Bí a bá fi omi gbígbóná rọ ọrùn, orí yóò yọ wọ́ọ́rọ́, kókó abẹ́ rẹ̀ yóò sì wọ ihò ara mìíràn, bí kókó bá ihò mu.

Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

4. Èyí tó ṣe ìkọkànlélógójì, orí rẹ̀ kì í ṣe tèmi láti há.

Sájẹ́ǹtì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ogun ló kú sí. Oṣù méje ni ẹ̀gbọ́n mi fi mọ ère orí rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀, tí kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ: etí òsì tó ká díẹ̀, àpá lókè ojú ọ̀tún. Wọ́n fi í sí ara ṣọ́jà kan, wọ́n rán aṣọ fún un, wọ́n gbé e sójú fèrèsé yàrá ìránṣọ wọn. Inú Ìyá Àgbà, ìyá sájẹ́ǹtì, tí wọ́n jọ ń gbélé, kò dùn sí i. Ìyá Àgbà ní a kì í fi òkú ọmọ ẹni ṣe ohun ìṣeré.

Ní ọjọ́ tí mo jalè yẹn, ìdíje ẹgbẹ́ wa ku ọ̀la. Ṣọ́jà tí mo fẹ́ gbé lọ ti pé tán, àfi ojú rẹ̀ tó dà bí ojú gbogbo ṣọ́jà inú páálí. Mo yọ orí sájẹ́ǹtì. Mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ tóbi jù, ni mo bá fi fáìlì róbótó fá a títí ó fi wọlé. Mo fi ọ̀dà bo àpá, mo lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn. Mo gba ipò kìíní. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi níbẹ̀. Wọ́n dúró pẹ́ níwájú ṣọ́jà mi, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹnu ṣọ́jà rẹ yìí dà bí ti ẹni tó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín." Ilé ni wọ́n dé tí wọ́n bá ara láìlórí.

Lọ́jọ́ Ajé, kókó náà kò di ibi tó ti wá mú mọ́. Ṣe ló ń mì dirodiro. Mo gbé orí náà padà sílé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè ta ni mo rí nítòsí yàrá, mo ní Ìyá Àgbà nìkan. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ni mo fi purọ́. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹnu-ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé, ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé kaná, wọn kì í kí ara wọn. Ìyá Àgbà ti lé ní àádọ́rùn-ún. Ojú wọn ti ń lọ.

Kí ẹgbẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún mi níbi ìdíje náà padà.

5. Mo ti kọ ọ́ síbí pé kí Wẹ́dà dá orí náà padà lẹ́yìn ikú mi. Mo ti fa ìlà lé e. Ojo ló kọ ọ́. Òkú kì í gba èébú sójú, èébú yìí sì tọ́ sí ojú mi.

Mo fọwọ́ sí i, èmi Bàbá Alátòpọ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Tíṣà Ìṣirò tó ń gbé òkè wa, Atẹ̀wé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa.

Àfikún, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì bá mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti nu ọ̀dà kúrò, mo ti ṣí irùngbọ̀n, mo ti fi amọ̀ tó ń le bí òkúta mọ kókó náà padà sí bó ṣe wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nítorí ife-ẹ̀yẹ?" Wọ́n tún un sọ, wọn kò sì wo ojú mi mọ́. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó mi, ṣebí mo sọ fún ọ pé n kò fọwọ́ kàn án." Ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tú ara ṣọ́jà náà kúrò nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, wọ́n lọ gbé omi kaná.

Mo fi orí náà lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ìka wọn rìn lójú rẹ̀ títí ó fi kan etí tó ká, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí omi hó, ẹ̀gbọ́n mi gba orí náà, wọ́n fi omi náà rọ ọrùn ara ṣọ́jà náà, wọ́n ní, "Mà, ẹ bá mi di èjìká rẹ̀ mú dáadáa." Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí náà mọ́lẹ̀. Ó dún kẹ́, ó wọlé.