Òróró Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ọjọ́ Ajé, 14 Ṣẹ́rẹ́ 1974
Ó dì. Mo po sítáàṣì tí mo rà lọ́jà Tejúoṣó mọ́ òróró, mo dà á sáàárín irin méjì, mo tan iná mọ̀nàmọ́ná sí i — ó le bí ẹ̀kọ tútù. Mo pa iná, ó tún ń ṣàn. Dókítà Ògúntádé, ọ̀gá wa, ní hóró sítáàṣì ló ń so kọ́ra wọn láti irin kan dé èkejì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìdánwò iwájú àwọn àlejò tó fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa lóṣù tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ pátápátá ní yàrá ìwádìí wa ní Yábàá. Èmi tàbí Jẹ̀lílì, ọmọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ológbò ni mò ń pè é níbí. A kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Ṣẹ́rẹ́
Mo bá agolo sítáàṣì ní ṣíṣí lójú fèrèsé. Ológbò ló ṣí i. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn díẹ̀ jàre.” Atẹ́gùn kẹ̀. Ó fẹ́ kó bu mọ́ mi lọ́wọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ṣẹ́rẹ́
Mo yan sítáàṣì náà lórí sítóòfù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi gbẹ táútáú. Mo tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Ṣẹ́rẹ́
Kò dì. Ológbò dúró lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Ṣẹ́rẹ́
Mo tún un yan. Òróró náà ṣì ń ṣàn bí omi. Ó ní ohun tí ọmọ yìí ń ṣe. Àbúrò mi Àríkẹ́ ní kí n yé fura sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ìfura loògùn àgbà. Ó ní, “Àgbà wo?”

Ọjọ́bọ̀, 31 Ṣẹ́rẹ́
Ọwọ́ bà á. Mo jáde díẹ̀, mo padà, mo bá Ológbò tó ń fi aṣọ tútù bo agolo mi. “Ó ti gbẹ jù ni, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.” Mo pe Dókítà kó wá fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Èrèlé
Wọ́n ti lé e. Ó kí mi kó tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó. Ara tù mí.

Ọjọ́ Ajé, 11 Èrèlé
Kò dì, kò dì, kò dì. Ọ̀la ni àlejò ń bọ̀. Nígbà tó sú mi, mo fi aṣọ tútù bo sítáàṣì náà, bí Ológbò ti ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Èrèlé
Ó dì. Ó le ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rinrin díẹ̀ ni sítáàṣì náà nílò — èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi yan án dànù. Jẹ̀lílì mọ̀.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí, mi ò lè wo ẹnikẹ́ni. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Fúnlọ́lá, ṣé o rí i? Ọmọkùnrin yẹn ló ń bà á jẹ́.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.