Fọ́ọ̀mù Tó Wà Nínú Bíbélì Mi

Akọ̀wé mi,

Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò kékeré. Jọ̀ọ́, jẹun ná kí o tó ka ìyókù.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ìgbaradì fún yunifásítì, èyí tí ìwọ àti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ndírì láti ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ jọ lọ ṣe, kò sọnù. Inú Bíbélì mi ni mo fi í sí. Mo ní kí n fi ọjọ́ méje gbàdúrà lé e lórí kí n tó fọwọ́ sí i, n kò sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún àdúrà mi ni àkókò àtidá a padà parí.

Mo pe olùkọ́ yín láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀yin Màmá, ṣé àdúrà ló ní kí ẹ má mú bírò ni?" Kí n má parọ́, ẹ̀rù pé o máa jìnnà sí mi wà nínú àdúrà yẹn.

Mo ti fọwọ́ sí i, mo sì ti mú un lọ bẹ àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá kọ̀, tí bàbá rẹ bá ní àmúwá Ọlọ́run ni, má ṣe àmín. Ọlọ́run kọ́ ló pẹ́.

Ìyá rẹ ni.