Àwọ̀n Ẹnu Adágún

Àbúrò mi àtàtà, Olóorun ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ara yín le. Ara tèmi náà le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ti pe fóònù rẹ títí, kò wọlé látìgbà tí òjò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà rán awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ ẹja wá fún wa.

Adágún tí ọkọ mi sé lókè odò yín ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí ọjọ́ tí ẹnjiníà tó bá a kọ́ ògiri erùpẹ̀ rẹ̀ kó gbogbo wa jọ. Ó ní omi ò gbọdọ̀ sún mọ́ orí ògiri ju ìwọ̀n ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ó fi ojú ọ̀nà tí wọ́n fi síminti tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hàn wá, ibi tí omi tó bá pọ̀ jù yóò máa gbà lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun dí i, pé bí omi bá lè gba orí erùpẹ̀ kọjá pẹ́nrẹ́n, ṣe ni yóò máa bu ògiri náà jẹ títí yóò fi wó. Gbogbo wa mi orí pé a ti gbọ́. Ọkọ mi ló mi tirẹ̀ jù.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ńlá kan kó ìdajì ẹja rẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ó na àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ dí ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo ní ṣé ẹnjiníà mọ̀ sí i? Ó ní, "Ìyàwó, omi á kọjá, ẹja ni ò ní lè kọjá. Àbí kí n máa bọ́ ẹja, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ máa gbé ìkòkò dúró dè é?"

Kò ronú kan ewé. Gbogbo ewé àti pàǹtí tí òjò ń gbá bọ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ àwọ̀n náà. Mo lọ wò ó lánàá, omi tó ń jáde ò ju ti ẹnu ẹ̀rọ omi lọ. Mo wá gun orí ògiri. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, mo sì fi ọwọ́ bu omi.

Mo bẹ ọkọ mi kó ká àwọ̀n kúrò. Ó ní ẹja ò ní pẹ́ tó kó jáde, kí n jẹ́ kóun simi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìwọ náà mọ̀. Ó fẹ́ràn ẹja wọ̀nyẹn débi pé ó máa ń kí wọn láàárọ̀ kó tó kí mi. Ṣùgbọ́n ilé tiwa wà lókè, ilé tiyín ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Ìwọ tí wọ́n máa ń gbé tìwọ tẹní kúrò níbi tí òrùlé bá ti ń jò, tí o kò ní lajú, ta ni yóò jí ọ bí omi bá dé?

Mo bẹ̀ ọ́, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá ọkọ rẹ lórí òkè. Mo mọ̀ pé ẹ kì í lo ọjọ́ méjì pa pọ̀ kí ariwo má sọ. Ẹ máa jà níbẹ̀, ìjà ò ní gbé yín lọ. Sọ fún àwọn aládùúgbò pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run pa gbogbo yín mọ́. Ọmú kan náà la mu, a ò ní fojú sunkún ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí kí n tó tún já a. Òjò ti ṣú padà. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo lọ gé àwọ̀n náà. Omi ya jáde, ẹja sì ń tò tẹ̀ lé e. Ọkọ mi ò tíì mọ̀, mi ò sì mọ ohun tí màá wí fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù, torí ẹsẹ̀ ògiri náà ti rọ̀. Odò yín yóò kún sí i báyìí. Bí o bá rí ẹja lẹ́yìnkùlé rẹ, tiwa ni. Má gbé ìkòkò o. Àwọn ọmọ ni kí o gbé.