Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Kò Rí Àyè Nínú Ọkọ̀

Àbámẹ́ta, 2/8/97
Ọ̀gá Èkó dé — Ganiyu, àbúrò mi, tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ l'Ápápá. Ó gbé páálí ńlá lérí. Mo ní bóyá aṣọ Màmá àgbà ni. Aṣọ kẹ̀! Gémù ni. Ẹ̀rọ kan, pádì méjì, káséètì kan ṣoṣo tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ èdè Jàpáànù. Inú bí mi. Bàbá àgbà kú nínú ilé yìí, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Màmá ṣì wà nínú tákàbà, kò gbọdọ̀ jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó rẹ̀ yóò fi pé. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Èkó gbé eré wá!

Ohun tó ń dùn mí jù — Màmá ò tíì sunkún. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kuta lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Bàbá jẹun tán, ó sùn lórí àga, kò jí mọ́. Òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí Màmá tó dé, wọ́n ti sin ín. "Alhamdulillah" nìkan ló ń wí láti ìgbà náà. Kò pe Bàbá lórúkọ, kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹkún tí kò jáde yìí ń bà mí lẹ́rù.

Àìkú, 3/8/97
NEPA mú iná. Mo ní kí wọ́n má dá a padà.

Ajé, 4/8/97
Ó dáa, gémù náà dùn ún wò. Bí a ṣe lóye rẹ̀ látinú àwòrán, ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ níyọ̀. Lójú ọ̀nà, oòrùn sọnù, ọmọ náà ní òun máa wá a rí. Ọmọbìnrin kan tó fi ìdérí ìkòkò ṣe apata bá a lọ, àti ewúrẹ́ tó wọ jígí, àti ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan tó dé fìlà. Ìjà bá dé, ọ̀pọ̀lọ́ á sùn!

Bí wọ́n bá ṣubú lójú ìjà, wọn kì í kú. Àwọn ará abúlé á gbé wọn relé, á fún wọn lọ́bẹ̀ gbígbóná, wọ́n á dìde.

Sunday, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, dúró lójú fèrèsé, ó ń yínmú. Ó ní gémù tí ẹnikẹ́ni kì í kú níbẹ̀, ti ọmọdé ni. Mùrí ọ̀rẹ́ Ganiyu ní ìyẹn gan-an ló dára níbẹ̀, ikú tó wà níta ti tó.

Ìṣẹ́gun, 5/8/97
Màmá sọ̀rọ̀! Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá rẹ̀. Ọmọ inú gémù já wọ ilé onílé, ó ń tú àpótí wọn. Màmá ní, "Ganiyu, ṣé bí ẹ ṣe ń wọlé onílé l'Ékòó nìyẹn? Kò tiẹ̀ kí wọn?"

Láti ìgbà náà, a kì í wọlé kankan láìkí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan adìyẹ. A ò sì ṣí àpótí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá Èkó ń ráhùn pé ìwà ọmọlúàbí ni kò jẹ́ kí òun ní idà gidi.

Jímọ̀, 8/8/97
Ọ̀pọ̀lọ́ tún sùn lójú ìjà. Màmá rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Àlàó, oorun yín yìí náà ṣáà!"

Àlàó ni oríkì Bàbá. Òótọ́ sì ni — ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀ owó orí, kí ẹ tó parí rẹ̀, ó ti ń hanrun. Orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn láti òní lọ.

Ọjọ́rú, 13/8/97
A dé etí odò nínú gémù. Ọlọ́kọ̀ fi àwòrán hàn wá: orí mẹ́ta, àti ìkẹrin tí wọ́n fagi lé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró. Gbogbo ẹnu ló kò pé ọ̀pọ̀lọ́ ni, kí ló tiẹ̀ ń ṣe? Màmá ní a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ó fa kọ́tìnì pa.

Àbámẹ́ta, 16/8/97
Ganiyu ti yí gbogbo abúlé inú gémù ká. Kò rí ọkọ̀ mìíràn, kò rí afárá. Sunday ní ta ló ń banú jẹ́ nítorí ọ̀pọ̀lọ́ orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Màmá ń kírun, Ganiyu fẹ́ yọ́ tẹ bọ́tìnì tí yóò fi ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀. Mo fa wáyà yọ. Ó ní, "Àǹtí Róò, gémù ni ná!" Mo mọ̀ pé gémù ni. Síbẹ̀ mi ò dá wáyà náà padà fún un.

Ìṣẹ́gun, 19/8/97
Kò síná. Màmá ò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 21/8/97
Mo ń ro ọ̀rọ̀ Sunday. Ó ní kò síkú nínú gémù yìí. Irọ́ ni. Ẹni tó ṣe é mọ ikú dáadáa, ó kàn fi pẹ̀lẹ́tù gbé e wá ni. Ẹnì kan dúró létí odò, àwọn yòókù ń lọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni Ganiyu ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà s'Ékòó. Kó tètè máa gbé e lọ, kí ọgbẹ́ má baà jinlẹ̀ sí i. Àmọ́ tó bá gbé e lọ báyìí ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá ò ní ṣí kọ́tìnì yẹn mọ́.

Àbámẹ́ta, 23/8/97
Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Màmá ní kí Ganiyu tan nǹkan náà. Ó jáde sí pálọ̀ fúnra rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó jókòó sórí ẹní. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ganiyu fi hàn án. Màmá wo ọ̀pọ̀lọ́ títí. Ó wá kúnlẹ̀ — pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn! — ó ní, "Àlàó, Kuta ni mo lọ. Wọn ò dúró dè mí. Ẹ sùn un re o."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ gbéra. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣí fìlà, ó juwọ́, ó fìdí lélẹ̀ létí odò, ó sùn lọ. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dúró, ó gùn, ó sì di ẹkún. Ẹkún gidi, pẹ̀lú orúkọ Bàbá lẹ́nu rẹ̀. Mo dì í mú. Èmi náà ń sunkún, inú mi sì ń dùn.

Ganiyu ò bá ìrìnàjò náà lọ. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín odò, ó lọ bu omi wá kí Màmá fi bọ́jú.