Obìnrin Inú Fíìmù Yẹn Kò Kú

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ilé. Ṣé eékún yín ti ń gbé yín gun àtẹ̀gùn báyìí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti rọlẹ̀? Bí ẹ bá bèèrè mi, ara mi le koko, inú mi sì ń dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí tí mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Màámi, ẹ jókòó ná. Mo ti lọ́kọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí a ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan nílé. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá, àfẹ́sọ́nà tí gbogbo yín mọ̀, tí ẹ fi mí lé lọ́wọ́ nígbà tí mo ń bọ̀ ní ìlú òkèèrè yìí. Káfíńtà ni ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá mi á ní, "Ìyàwó tuntun, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lò ń fọ̀ o, kì í ṣe aṣọ ijó."

Mi ò lè sọ ìyókù lórí fóònù, nítorí orí fóònù ni mo ti kọ́ irọ́ pípa. Ẹ bá mi kà á sétí Bàbá, ẹ má fo ìlà kankan.

Ẹ ó rántí ọjọ́ Àìkú kan, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí a máa ń pe ara wa, tí ẹ ṣàdédé gbọ́ tí abọ́ ń fọ́, tí obìnrin kan sì ń ké. Mo ní fíìmù ni. Kì í ṣe fíìmù, Màámi. Èmi ni mò ń ké. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò mi sọ, ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá sì ní òun ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbá mi nírun mú, ó gbá orí mi mọ́ etí síǹkì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn abọ́ tí mò ń fọ̀ dà sílẹ̀. Fóònù ti já sábẹ́ àga, mo sì ń gbọ́ ohùn yín níbẹ̀: "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ó na bẹ́líìtì sí mi pé kí n dáhùn. Mo gbé fóònù, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lójú, mo ní, "Fíìmù ni, Màámi. Ọkọ kan ló ń lu ìyàwó ẹ̀." Ẹ ní, "Pa á jàre."

Irọ́ yẹn ò tán níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ bi mí pé, "Obìnrin inú fíìmù yẹn, ṣé kò kú?" Ẹni tó lù mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí kì í jẹ́ kí èmi nìkan bá ilé sọ̀rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ohùn yín jáde sí gbangba. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹ mà fẹ́ràn fíìmù o. Sọ fún wọn pé kò kú, àmọ́ ó lágídí." Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, "Ṣé torí agídí ni wọ́n ṣe ń lu ọmọ ọlọ́mọ ní àlùbami?" Láti ọjọ́ yẹn ni fíìmù wa ti ń bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ tó fi ilẹ̀kùn fọ́ ìka mi, mo ní wọ́n fọ́ ìka obìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ tó fi bẹ́líìtì ya ẹ̀yìn mi, mo ní obìnrin náà ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ẹ wá ní, "Ká ní èmi ni mo ni fíìmù yẹn, obìnrin yẹn á kó ìwé ìrìnnà ẹ̀ fún aládùúgbò kan tó jẹ́ àgbà. Á sì máa wọ bàtà nínú ilé, torí ẹni tí wọ́n ń lé kì í dúró wá bàtà." Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi há a lọ́fun. Ní ọjọ́ kejì mo kó ìwé ìrìnnà mi fún Ìyá Ológbò, arúgbó òdìkejì wa tí ológbò ẹ̀ pọ̀ ju àga ilé ẹ̀ lọ. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà. Nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá bi mí, mo ní ilẹ̀ ń tutù.

Ọ̀sán Sátidé kan ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti lé ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọlé, ó ní òun ń kó wa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ wá. Ó tú àpótí mi, kò rí ìwé ìrìnnà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó fọ́ dígí ńlá ara ògiri, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ àga kan. Ó kọ́kọ́ gbá mi léjìká. Mo na ọwọ́ òsì láti gba ìkejì, mo sì gbọ́ tí egungun mi dún bí igi gbígbẹ. Ó ní, "Òní ni fíìmù ìyá ẹ máa parí."

Káfíńtà kan ti ń tún àtẹ̀gùn ilé wa ṣe láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbọ́ ariwo, ó kanlẹ̀kùn, kò rẹ́ni ṣí i. Kò fi èjìká gbá a bí àwọn akọni inú fíìmù. Ó fi hámà kan híńjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di ilẹ̀kùn mú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn wó lulẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá fi ẹsẹ̀ àga gbá a lẹ́nu, eyín méjì fò jáde. Wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n ń yí lórí dígí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Ó wá jókòó lé káfíńtà láyà, ó fún un lọ́rùn títí ojú ẹ̀ fi ń yí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé áyọ́ọ̀nù mi. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ tó ń gbé ìdì aṣọ tútù lójoojúmọ́ kì í ṣe ọwọ́ yẹpẹrẹ. Mo fi gbá a léjìká, mo tún gbá a, mo tún gbá a, títí ó fi tú ọwọ́ lọ́rùn ọlọ́rùn. Mo wá sá gba orí dígí lọ bá Ìyá Ológbò kó pe ọlọ́pàá, dígí ń rún wómúwómú lábẹ́ bàtà mi. Bàtà yẹn náà ni mo wọ̀ lọ ṣègbéyàwó. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni.

Ọsibítù kan náà ni wọ́n gbé èmi àti káfíńtà lọ, wọ́n sì tẹ́ mi sórí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀. Káfíńtà ò lè sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ wú. Ó kọ ọ́ sí bébà kan, ó nà án sí mi: "Màá padà wá gbé ilẹ̀kùn yín ró." Màámi, apá mi ń ro mí, ẹ̀yìn mi ń ro mí, mo rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lù mí nítorí ẹ̀.

Wọ́n rán ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Àmọ́ kó tó lọ, ó pe Bàbá pé mo ti bá káfíńtà sá lọ. Ó di oṣù méje tí Bàbá ò gba fóònù mi. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni bàbá ẹ̀ jẹ́ fún wọn, mo mọ̀. Ìtìjú ló sì pa èmi lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin gan-an náà, Màámi, mo kàn sọ fún yín pé mo ti kó kúrò nílé yẹn ni. Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lóṣìkà o. Mo kàn ń ro ẹjọ́ tèmi ni. Ẹ gbà kí ọkọ mi wọlé yín, kí ẹ gbọ́wọ́ lé wa lórí. Bí ẹ ò bá súre fún wa, ayọ̀ mi ò tíì pé.

Ọkọ mi gbọ́ èdè wa dáadáa, kódà ó mọ èébú jù mí lọ. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí àlàfo níwájú ẹnu ẹ̀. Ẹ má bi í léèrè. Ọmọ yín ló wà nínú àlàfo yẹn.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ilẹ̀kùn ayọ̀ ilé wa ò ní tì.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo,
tó ti di ìyàwó káfíńtà.

Mo tún rántí: Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ẹ bi mí bóyá tẹlifíṣàn wà nínú ilé, mo ní kò sí. Kò sí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àná ni mo rántí, mò ń fọ abọ́, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màámi, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa, ẹ sì fi fíìmù bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọpẹ́ irú èyí sínú lẹ́tà, ọwọ́ mi ni màá fi gbé e wá. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi pé ibi yòówù kí iṣẹ́ gbé wọn wà, kí wọ́n ti dé pálọ̀ Bàbá kí èmi àti ọkọ mi tó wọlé. Ẹ má wo fóònù lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ni kí ẹ máa wò: ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.