Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fi Nǹkan Kan Hàn

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi yá gágá, òtútù Auckland náà sì ti rọlẹ̀.

Mo ti to kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín tán láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tàn án, fáànù rẹ̀ ń yí, ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ mọ̀ pé n kì í kánjú. Mo tú wáyà kọ̀ọ̀kan, mo tún un so. Mo yọ pátákó ìrántí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RAM, mo nù ún, mo dá a padà. Òkùnkùn náà ni.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ "Tulou", ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ̀ǹda, lápá òsì mi. Àyà mi já! Lagi àbúrò mi ló ń tẹríba kọjá níwájú mi.

"Ibo lo gbà wọlé?"

"Ẹnu ọ̀nà náà ni, Àǹtí! Mo ti ń juwọ́ sí yín tipẹ́. Kí lẹ ń tú palẹ̀?"

"Kò fi nǹkan kan hàn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Ọ̀rọ̀ funfun tó wà ní igun òsì yẹn ńkọ́?"

Mo yí orí. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun máa ń kọ ọ́ tí wọn ò bá tíì fi ètò sí i. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Lagi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó na ọwọ́ sókè lápá òsì mi. "Ìka mélòó nìyí?"

"Ọwọ́ wo?"

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí; Lagi ló mú mi wá kí wọ́n yẹ ojú mi wò. Wọ́n ń tọ́jú wa gan-an, ẹ má dààmú. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yín ránṣẹ́ lónìí.

Sinalei yín