Àwọn Lẹ́tà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Kà fún Yín

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbíjàn níbí. Mo kí bàbá àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn àbúrò mi tó ń roko lọ́nà Kpankou. Ara mi le. Òjò ibí nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn: ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fọṣọ, kò tíì gbẹ.

Inú ìwé ìròyìn àwọn ará wa níbí ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi Àkànní ló máa ń ka lẹ́tà mi fún yín, n kò sì lè gbà á gbọ́ mọ́. Mo ti bẹ Ìyá Máríà, oníṣòwò aṣọ ará Adakplamè, pé kó mú ìwé ìròyìn náà wá, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kà á fún yín láìfo ìlà kankan.

Ìyá, n kò gbàgbé yín. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo kọ láàárín ọdún méjì, ọ̀dọ̀ Àkànní ni mo sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó mú wọn wálé. Nígbà tí Ìyá Máríà wá rajà níbí, tó bi mí pé kí lẹ ṣẹ̀ mí tí n kò fi kọ̀wé sílé mọ́, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ní ìgbàkígbà tí ẹ bá bi Àkànní pé ṣé lẹ́tà dé, á ní kò dé.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú wọn.

Ẹ rántí ìwé Faransé àtijọ́ tí bàbá wa máa ń kà, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù. Bàbá á kà á tán, á wá sọ ọ́ ní èdè Kétu, ẹ̀yin náà á fi ẹ̀pà tí ẹ ń pa sílẹ̀ láti gbọ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó rìnrìn àjò, tó fi ilé rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìgbà tó máa dé, ìyẹn ti sọ fún gbogbo ilé pé ó ti kú. Kí bàbá tó kú, ó kọ ìtàn náà sínú káyé ilé-ìwé mẹ́ta ní èdè wa. Mo fọwọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ kí n tó kúrò nílé.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní búrò, ọ́fíìsì àwọn onígẹdú, mo fẹ́ fi tẹ ìwé bàbá. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè wa. Tí mo bá fẹ́ kọ ọkọ̀, oko ló máa ń jáde. Ọ̀gá mi gbà kí n máa lò ó ní ọ̀sán Sátidé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mo ya álífábẹ́ẹ̀tì wa lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé onílà, mo wá kọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé láti yà á. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ta ló máa ka èdè oko lórí ẹ̀rọ òyìnbó. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà “ọmọ” jáde bó ṣe yẹ, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo fi iṣẹ́ náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú iṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí Àkànní níbi iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní Kútọnu, pé kó bá wa tẹ ìwé bàbá. Ó fèsì pé ẹ̀rọ àwọn kò gbà á. Mo gbà.

Ìwé tí Ìyá Máríà fi di ẹrù rẹ̀ ló tú àṣírí Àkànní. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní kíkà ní Kétu ni. Mo wo àmì abẹ́ ọ, mo rí i pé ó yẹ̀ sí òsì díẹ̀. Àṣìṣe mi ni, Ìyá. N kò tíì mọ bí n ó ṣe tún un ṣe nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Orúkọ Àkànní ló wà nísàlẹ̀, pé òun ló kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa. Ìyá Máríà ní wọ́n ṣèpàdé ní gbàgede, wọ́n kí i ní kámáráàdì tó ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sin Rẹfolúsíọ̀n ìjọba, ẹ̀yin sì dìde, ẹ jó.

Ijó yẹn ló dùn mí jù. Èmi lẹ jó fún, ẹ kò mọ̀.

Mo fóònù sí Àkànní. Kò sẹ́. Ó ní ta ló máa gba iṣẹ́ obìnrin tó sá lọ sáàárín àwọn kapitalísì, ọ̀tá Rẹfolúsíọ̀n. Ó ní wọn ì bá dà á nù, òun ló gbà á là. Mo ní àwọn lẹ́tà mi ńkọ́? Ó ní bí òun bá kà wọ́n fún yín, ẹ ó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Mo bi í nípa ìwé bàbá, ó ní ìtàn ayé àtijọ́ ni, kò wúlò fún ayé tuntun. Ìyá, inú ìtàn náà gan-an ló wà tó ń sọ pé ó ti gbó. Òun ló sì máa ń sunkún jù nínú wa, níbi tí onílé ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọn kò ṣí i fún un.

Mo ti tún àmì náà ṣe. Mo ti tẹ ìwé bàbá tán, ó wà lọ́wọ́ Ìyá Máríà. Orúkọ bàbá ló wà níwájú rẹ̀.

Mo ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má ṣépè fún un, ọmọ yín ni. Ẹ má sì pe àwọn àgbà kí wọ́n wá bẹ̀ mí. N ó kí i tí mo bá rí i, àmọ́ n kò ní jẹun nílé rẹ̀.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ojú tó ríran. Oko àwọn àbúrò mi á so. Ẹ bá mi kí tilé tọ̀nà, ẹ kí Àkànní náà.

Ọmọ yín obìnrin,
Abẹ̀ní